Búrẹ́dì inú ìkòkò oníyanrìn: ibi tí mo bá a dé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Búrẹ́dì tí mo sọ pé mo fẹ́ ṣe bí màmá àgbà ṣe máa ń ṣe é, nínú ìkòkò irin, kò sí óòfùn kankan, èédú àti yanrìn nìkan, mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Fúláwà, ṣúgà, iyọ̀, bọ́tà díẹ̀, yíìsì, omi, ó parí. Yíìsì nìkan ni mo lọ rà, ìyókù ti wà nílé.

Sátidé àkọ́kọ́, kò wú rárá. Omi tó gbóná gan-an ni mo da yíìsì sí torí mo rò pé á tètè jí, àṣé ṣe ni mo ń pa á, nǹkan abẹ̀mí ni. Wákàtí méjì gbáko, ó jókòó sójú kan. Mi ò dà á nù ṣá, mo gé e wẹ́wẹ́ mo dín in, àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán. Ní báyìí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni mò ń lò, irú èyí téèyàn lè fi wẹ ọmọ tuntun, tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá yíìsì á ti hó lójú bí omi ọṣẹ, nígbà yẹn lọkàn mi máa ń balẹ̀.

Sátidé kejì, ó wú dáadáa, àmọ́ ìsàlẹ̀ jó dúdú, òkè funfun bí ẹ̀kọ. Mo pe ìyá mi, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Èédú orí ọmọrí ńkọ́?" Mi ò mà fi nǹkan kan sórí ọmọrí o. Yanrìn tí mo dà sísàlẹ̀ náà ti kéré jù, wọ́n ní kó tó ìka mẹ́ta, torí yanrìn ló ń gba ooru mọ́ra tó ń pín in kiri, kí iná má baà kọlu páànù tí búrẹ́dì wà nínú ẹ̀ tààrà.

Sátidé àná wá ni èyí tó dùn mọ́ mi nínú. Fúláwà 500g, ṣúgà 70g, yíìsì 7g, iyọ̀ 8g, bọ́tà 40g, omi 270ml. Ó máa le lọ́wọ́, ẹ má fi omi kún un. Ẹ ṣáà mọ̀ pé búrẹ́dì Agége, ẹ̀rọ onírin méjì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kó máa fà bẹ́ẹ̀ yẹn. Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí lọ́dún 1913, ló wá dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ébùúté Mẹ́tà tí òwò búrẹ́dì fi gbilẹ̀. Èmi ò ní ẹ̀rọ, ìgò ni mo fi yí i, mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, mo ká a, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tó ìgbà ogún. Níbẹ̀rẹ̀ ara ẹ̀ rí ṣákaṣàka, ó ń ya létí, tó bá tó bí ìgbà kejìlá ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀lọ̀, nígbà tí mo máa parí ẹ̀ ó rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi bí etí ọmọ ọwọ́. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni búrẹ́dì wà.

Mo jẹ́ kó wú títí ó fi kún páànù, mo ti jẹ́ kí yanrìn gbóná lórí iná fún ogún ìṣẹ́jú, mo gbé páànù sí i, mo dé e, mo to èédú pupa sórí ọmọrí ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ogójì ìṣẹ́jú. Òórùn ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé kejì kí n tó ṣí i! Mo fà á ya, ó ń ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, a fi ẹ̀wà àgànyìn jẹ ẹ́, ìdajì ti lọ kó tó tutù.

Ó kù díẹ̀ ṣá, ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, atẹ́gùn ló ń fẹ́ iná sápá kan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá fi búlọ́ọ̀kù méjì dí ibẹ̀.