Níbi Tí Gbogbo Wa Ti Mọ Ara Wa

Ọjọ́bọ, Ọ̀yọ́

Ìyá Ìbejì méjì ló wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin láàárọ̀ yìí. Ìtọ̀ ṣúgà ló gbé ọ̀kan wá láti Òwódé, ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá èkejì dúró. Ọmọ 300 level wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé tíréè oògùn dé, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ló bá dúró tó ń wo ìwé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo mọ ohun tó ń dà á láàmú. A ti kọ́ wọn ní kíláàsì pé oògùn ò gbọdọ̀ kan aláìsàn lẹ́nu àfi tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, kí orúkọ náà sì bá ti inú ìwé mu. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 19 tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀yọ́, báwo ló ṣe fẹ́ wo ẹni tó ju ìyá rẹ̀ lọ lójú kó ní "Kí lorúkọ yín?" Wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Mo sún mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sí i létí, ó sì tún un sọ: "Màmá, ẹ má bínú mà. Wọ́n ní ká máa gbọ́ orúkọ látẹnu ẹni tó fẹ́ lo oògùn. Ẹ bá wa pe tiyín ní kíkún." Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pe orúkọ, wọ́n fi oríkì lé e, wọ́n tún fi èyí tí wọ́n gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì lé e. Ìyá Ìbejì kejì náà ò dúró kí wọ́n bi òun, ó ti pe tiẹ̀. Àwọn ìwé tí à ń kà láti ìlú òyìnbó ò kọ́ni ní apá ibẹ̀ yẹn, àwa la máa kọ́ ọ.

Lọ́sàn-án, dírìpù. Omi lítà 1, wákàtí 8, okùn dírìpù tó ń kán ẹ̀kán 20 fún mílílítà 1: ẹ̀kán mélòó ni ní ìṣẹ́jú kan? Mo ṣe é lójú pátákó, mo ní ṣé ó yé wọn. "Ó yé wa mà!" Mo pín bébà pélébé fún wọn, mo ní kí wọ́n ṣe òmíràn tó jọ ọ́, ìdajì lítà ní wákàtí 4, kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ. Àwọn kan gbà á. Àwọn kan kọ 2.08, wọ́n gbàgbé ẹ̀kán 20 pátápátá. Ẹnì kan kọ 2,500, torí pé wákàtí ló fi pín in, kò sọ ọ́ di ìṣẹ́jú. Ẹ̀kán 2,500 ní ìṣẹ́jú kan! Ẹ̀rọ omi ìjọba nìyẹn, lọ́jọ́ tó bá tiẹ̀ wù ú láti yọ. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ẹni tó kọ ọ́ náà sì rí ààyè bá wọn rín in, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. A so omi kọ́, a gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, a ń wo aago: ẹ̀kán 10 tàbí 11 ní ìṣẹ́jú àáyá 15, ìyẹn 42 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni "ó yé wa" tó wá jẹ́ òótọ́.

Kí ló dé tí wọn kì í nawọ́ tí kò bá yé wọn? A ò pọ̀ ni. Nursing and Midwifery Council, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé wọn kò lè jókòó ṣe ìdánwò tó máa sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì, digírì ọdún 5 rẹ̀ ì báà máa dán gbinrin. Yunifásítì tiwa fúnra rẹ̀ ò sì tóbi. A máa ń fi yangàn fún àwọn òbí pé gbogbo wa la mọ ara wa níbí. Òótọ́ ni. Bí ọmọ kan bá wúkọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lálẹ́, màá ti gbọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo èèyàn ti mọ ẹ, níbo lo fẹ́ gbé ìtìjú rẹ sá sí? Yàrá agbaninímọ̀ràn wà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, ó sì dojú kọ ọ̀nà tí gbogbo ọmọ ń gbà lọ sí kíláàsì. Ta ló máa kan ilẹ̀kùn yẹn ní aago 10 àárọ̀?

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa jókòó sí yàrá ìdánrawò ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, "Mà, mo fẹ́ fi ọwọ́ yín kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru." Ẹni tí wọ́n ń wọ̀n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé e sókè, èmi ni mo sì máa panu mọ́. Tí wọ́n bá yọ ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ kúrò létí, tí wọ́n ń tú aṣọ rẹ̀ kúrò lápá mi, tí ojú wọn wà nílẹ̀, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ máa ń bọ́. Lónìí, ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n wọ̀n ju gbogbo wọn lọ ló wá. Kò nílò ìdánrawò kankan. Ó ní òun ò kí ń lọ sílé oúnjẹ mọ́. Mo rò pé owó oúnjẹ ni. "Rárá mà. Ibẹ̀ ni wọ́n lẹ orúkọ àwa tá a jẹ owó ilé-ìwé mọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí." Gààrí ló ń mu ní yàrá. Ìyá rẹ̀ ń ta ata ní Àkẹ̀sán, ọjà ò sì yá.

Mo kó ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n lẹ̀ yẹn lọ bá àwọn tó ń gba owó ilé-ìwé kí wọ́n tó tilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ẹ̀gbọ́n tó wà níbi owó ní, "Ẹ̀yin mà, bí a ò bá lẹ̀ ẹ́, wọn ò ní san." Mo ní òbí ló ń san, kì í ṣe ọmọ, ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní ó dáa, àwọn á yọ orúkọ, àwọn á kọ nọ́ńbà mátíríìkì. Ní kíláàsì wa! Àwọn ọmọ tó mọ nọ́ńbà ara wọn ju oríkì ara wọn lọ. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní òun á gbé e lọ sípàdé lọ́jọ́ Ajé.

Mo ṣì ń bínú bọ̀ tí bàbá ọmọ 200 level kan pè, wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tí ọmọ àwọn máa lè lọ London. Mo ṣàlàyé: ọdún 5, ìdánwò Council, láti 2024 sì ni Council ti ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn láísẹ́ǹsì kí àwọn tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ìlú òkèèrè. "Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí. Wọn ò béèrè bóyá ọmọ náà ń jẹun.

Ìgbà tí mo ń kọjá níwájú ilé oúnjẹ lálẹ́ yìí, ẹnì kan ti fi bébà ńlá ìdíje bọ́ọ̀lù bo gbogbo orúkọ yẹn mọ́lẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yíká dáadáa. Mi ò wádìí ẹni tó ṣe é, mi ò sì ní wádìí ẹ̀.