Pèrègún ṣọ́ọ̀bù mi ti tanná o

Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn oníbàárà ti ń bi mí léèrè pé lọ́fíńdà wo ni mò ń fín sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fín nǹkan kan. Pèrègún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló tanná.

Bẹ́ẹ̀ ni, pèrègún tí gbogbo wa fi ń pààlà ilẹ̀ náà ni. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kó má yọ ju ewé lọ. Ìgbà tó bá dàgbà, tó sì wù ú, á ti ọ̀pá gígùn kan jáde láti orí rẹ̀, òdòdó á wá ṣù mọ́ ọ̀pá náà ní ìdì-ìdì. Lọ́sàn-án, ẹ ò ní rí nǹkan tó jọjú níbẹ̀, àfi èyí tó ṣì di, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá ti di ìgbà tí mò ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í là, funfun báláú, pẹ̀lú ilà pupa tín-ín-rín láàárín ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan. Òórùn á wá gba gbogbo àdúgbò wa ní Akóbọ̀. Oje dídùn tó ń sun lára rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, àwọn èèrà á sì tò lọ síbẹ̀ bíi pé wọ́n ń lọ jẹ sàráà.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń ta fúláwà lẹ́bàá títì ń ta pèrègún yìí kan náà sínú ìkòkò ní owó gọbọi. Ilà àwọ̀ ìyeyè tó là á láàárín ewé nìkan ló fi yàtọ̀ sí ti ààlà ilẹ̀ wa. Àwọn òyìnbó ń gbé e sí pálọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwa náà wá sọ ọ́ di ọjà olówó ńlá. Ọ̀já ìkookò, tí àwọn òyìnbó ń pè ní snake plant, náà ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ wa ni, láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ewéko kó o sábẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú pèrègún, Dracaena, torí wọ́n ti rí i pé ẹbí ni wọ́n.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò rà á. Ẹ ṣáà mọ àwa aránṣọ: ẹni tó wá gbaṣọ tí aṣọ ò tíì yá, mo máa ń ní kó jókòó, kó wo òdòdó ná. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé ẹ̀ka igi bọ̀ nínú náílọ́ọ̀nù nígbà tí wọ́n bá tún ń bọ̀. Alhaja kan láti Ọjà'ba ló fún mi ní àbámodá. Ewé kan ṣoṣo ni, ó fi sáàárín ìwé àdúrà rẹ̀. Nígbà tó máa fi yọ ọ́, etí ewé náà ti hu ọmọ wínníwínní yíká, gbòǹgbò funfun ti wà nídìí wọn, láìkan ilẹ̀, láìmu omi. Madagásíkà ló ti wá, àmọ́ ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi tí àwọn babaláwo ti ń fi pe ọfọ̀.

Tannápowó ni mo fi san án padà fún Alhaja. Ìrọ̀lẹ́ ló ń là, tí oòrùn àárọ̀ bá mú, á pa dé. Lórí igi kan náà, ẹ lè rí pupa, ẹ lè rí ìyeyè, ẹ tún lè rí èyí tó da méjèèjì pọ̀ sójú òdòdó kan. Hóró rẹ̀ dúdú, ó le koko. Ẹ wé e sínú bébà, ẹ gbé e dé Ṣakí, á hù.

Akòko wà níbẹ̀ náà. Gbogbo Ìbàdàn mọ ewé rẹ̀ nítorí oyè, àmọ́ ẹni mélòó ló ti gbójú sókè wo òdòdó rẹ̀?

Ọ̀kan wà tí mi ò kì í fún ẹni tó lọ́mọ kékeré nílé: Gloriosa. Inú igbó lọ́nà Mọ́níyà ni mo ti wú u. Ewé òdòdó rẹ̀ ká sẹ́yìn, pupa lókè, ìyeyè nísàlẹ̀. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ ló fi ń di nǹkan mú gun òkè. Àwọn ará Zimbabwe fi ṣe òdòdó orílẹ̀-èdè wọn. Àmọ́ ohun tó ta sínú ilẹ̀ jọ iṣu kékeré, májèlé tí wọ́n ń pè ní colchicine ló sì wà nínú rẹ̀. Ó lè pààyàn. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní ojúlé kejì ti bẹ̀ mí títí. Mo ní, "Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín kọ́kọ́ jáwọ́ nínú kíkó gbogbo nǹkan sẹ́nu ná."

Pèrègún ní tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó wá gé e. Igi ni kí ẹ gé o, ẹ má fọwọ́ kan òdòdó. Ẹ gún un sínú ilẹ̀dú tí ẹ po ìyẹ̀fun pákó díẹ̀ mọ́, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò ti mú jù. Ibi tí a ti gé e náà á tún sọ. Ẹ wá nírọ̀lẹ́ kí ẹ lè gbóòórùn, kí ẹ mú náílọ́ọ̀nù yín dání. Ẹni tó bá ní tannápowó funfun kó bá mi mú hóró rẹ̀ bọ̀, òun ni mò ń wá. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi náà lè wá. Bọ́tìnnì nìkan ló kù.