Ẹ Fi Ìbàdàn 1960 Wo Kánádà, Ẹ Fi Abuja Sílẹ̀

Nídìí àtẹ ìwé ìròyìn lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, níbi táwọn tí kì í ra ìwé ti ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́, àti ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lẹ́nu géètì FUTA, ọ̀rọ̀ Kánádà ti ń bá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù du ipò. Àwọn ọmọ wa wà ní Brampton, wọ́n wà ní Winnipeg, wọ́n wà ní Calgary. Ta ni ọmọ rẹ̀ á wà nílùú kan tí kò ní dá sí ìṣèlú ìlú ọ̀hún? Ìyẹn ò burú. Ohun tó ń ba ìjiyàn náà jẹ́ ni pé ìjọba Abuja la fi ń wọn ti Ottawa, olú ìlú Kánádà.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí, bí ọ̀rọ̀ bá kan Carney tó jẹ́ olóòtú ìjọba wọn àti Poilievre tó bá a du ipò:

"Ẹ̀gbọ́n, ìbò mílíọ̀nù mélòó ni Carney fi wọlé?"

"Ó pọ̀ o. Ó na Poilievre káàkiri."

"Ṣé ó rí ìdá kan nínú mẹ́rin kó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ wọn?"

Ẹnìkan á ní ó rí i, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, ariwo á ta. Ẹni tó sì mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà jù lè jẹ́ bàbá arúgbó tó jókòó sí igun bẹ́ǹṣì tí kò dá sí i, nítorí òun ti gbé lábẹ́ irú ìjọba tí Kánádà ń ṣe. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni Àkúrẹ́ wà, Ìbàdàn sì ni olú ìlú. Nígbà tí 1960 fi máa parí, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni olórí ilẹ̀ yìí lórí ìwé, Azikiwe ni Gómìnà Jẹ́nẹ́rà tó dúró fún un, Balewa ni olóòtú ìjọba, Akíntọ́lá ni pirẹ́míà n'Ìbàdàn. Ẹ yọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi ti ọdún 2025 rọ́pò wọn: Ọba Charles Kẹta, Mary Simon, Mark Carney, àti Doug Ford ní Ontario. Ẹ ti dé Kánádà nìyẹn.

Torí náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ "Gómìnà Ontario" báwọn ọ̀dọ́ ṣe ń pè é. Pirẹ́míà ni. Gómìnà Jẹ́nẹ́rà ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ tóbi ju agbára rẹ̀ lọ: ó ń fọwọ́ sí òfin, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ tí ìjọba bá kọ lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìbò wá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń dìbò fún olóòtú ìjọba níbẹ̀ àfi àwọn ará àgbègbè tó ti jáde. Àgbègbè ìdìbò 343 ló wà, aṣòfin kọ̀ọ̀kan ló ń ti inú wọn wá, ẹni tó bá ní ìbò jù sì ti wọlé, ì báà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló rí. Ẹ̀rọ BVAS ò sí níbẹ̀: bébà ni, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń sàmì sí i, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kà á lójú aṣojú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá lè kó aṣòfin 172 jọ ló lè sùn láìfojú kan ṣọ́nà. Ní ìbò ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2025, ẹgbẹ́ Liberal ti Carney mú 169, Conservative ti Poilievre mú 144, Bloc Québécois tí kì í du ipò níbòmíì yàtọ̀ sí Quebec mú 22, NDP mú 7, Green mú 1. Ẹ rí i pé mẹ́ta ló kù kí Liberal pé 172. Wọ́n ṣe ìjọba náà, ṣùgbọ́n ìjọba tó gbọ́dọ̀ máa wá ọ̀rẹ́ ni nígbà náà.

Àwọn nǹkan méjì tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn máa ń da àwa tibí lójú rú. Àkọ́kọ́ ni pé Justin Trudeau, tó jẹ́ olóòtú ìjọba nígbà náà, kéde ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní pé òun máa fi ipò sílẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ yan Carney ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ó sì búra ní ọjọ́ 14, nígbà tí kò tíì jẹ́ aṣòfin níbì kankan rí. Òfin ò kọ̀ ọ́. Èkejì ni pé Poilievre, tó jẹ́ olórí alátakò, pàdánù ìjókòó tirẹ̀ ní Carleton lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú 144. Aṣòfin kan ní Alberta yọ̀ǹda ìjókòó tirẹ̀, wọ́n ṣe àtúndì ìbò níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, Poilievre sì padà wọlé láti àgbègbè tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Níbí, "ọmọ onílẹ̀ ni àbí àlejò" la máa kọ́kọ́ bi í.

Ẹ má sì da orúkọ ẹgbẹ́ pọ̀. Ẹgbẹ́ Doug Ford ní Ontario ń jẹ́ Progressive Conservative, ti Poilievre ń jẹ́ Conservative, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Ìwé ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀, àpò ọ̀tọ̀, olórí ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá rò pé bí APC Àkúrẹ́ ṣe jẹ́ ti APC Abuja náà ni, á kàn máa sọ̀rọ̀ lásán ni.

Bí ìjọba ṣe ń ṣubú níbẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù láti ṣàlàyé. Kò nílò ìyọnípò tó gba oṣù mẹ́fà nílé ẹjọ́. Bọ́jẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ti tó. Joe Clark, ọmọ Alberta, di olóòtú ìjọba ní 1979 pẹ̀lú aṣòfin 136 nínú 282. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó fẹ́ fi sẹ́ǹtì 18 kún owó orí gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù kan. Ní ọjọ́ 13 wọ́n ka ìbò: 133 ló gbè é, 139 ló ta kò ó. Ilé wó. Sẹ́ǹtì 18 lórí epo o! Bàbá tó wà lórí bẹ́ǹṣì á rántí irú rẹ̀ nílé: ní oṣù Karùn-ún 1962, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, yọ Akíntọ́lá nígbà tó rí ìwé tí ọ̀pọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí pé àwọn ò ṣe tirẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá Ọọ̀ni láre ní 1963. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Ottawa, inú ilé ìgbìmọ̀ ni wọ́n ti ń ka orí, kì í ṣe lórí bébà tí wọ́n gbé kiri.

Ìṣubú Clark yẹn ló bí ìjà tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Calgary, ní Alberta, ń bá bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Pierre Trudeau, bàbá Justin, padà wọlé ní oṣù Kejì 1980, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá, ó gbé ètò epo kan jáde tó mú kí iye owó epo rọ̀bì ní Kánádà wà nísàlẹ̀ ti ọjà àgbáyé, tó sì fi kún ìpín Ottawa. Alberta ló ní epo. Inú bí wọn débi pé pirẹ́míà wọn, Peter Lougheed, dín iye tí wọ́n ń fà kù. Wọ́n fagi lé ètò náà láàárín ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ di ohun àjogúnbá.

Níbí ni ọmọ Oǹdó ti máa ń sọ pé, "Bíi ti Ìlàjẹ ni." Rárá o, òdìkejì ni. Epo tó wà lábẹ́ omi àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín nínú ìwé òfin 1999, ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà wá sí àwọn ìpínlẹ̀ tó ni epo. Ní Alberta, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ìjọba, láti ìgbà tí Ottawa ti fi àdéhùn 1930 dá a padà fún wọn. Owó tí iléeṣẹ́ epo ń san fún onílẹ̀, Edmonton, olú ìlú Alberta, ló ń lọ.

Kí wá ni Alberta ń jà sí? Owó ìdọ́gba ni, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, tó sì wọ inú ìwé òfin ní 1982. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí: èèyàn á ní Alberta ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún Quebec. Kò sí irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀. Ẹ mú nọ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan ní Calgary, ọ̀kan ní Halifax, tí owó oṣù wọn jẹ́ iye kan náà. Owó orí ìjọba àpapọ̀ kan náà ni wọ́n á san, sínú àpò kan náà. Inú àpò yẹn ni Ottawa ti ń fún ìpínlẹ̀ tí agbára rẹ̀ láti pa owó orí kò bá tó ìwọ̀n àárín ti gbogbo ìpínlẹ̀. Owó ń wọlé fún ará Alberta ju ti ẹlòmíì lọ, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ń wúwo nínú àpò, tí wọn ò sì tíì gba kọ́bọ̀ ìdọ́gba láti 1964–65. Quebec ló ń gba iye tó pọ̀ jù, ó lé ní bílíọ̀nù 13 dọ́là ní 2024–25. Ó yẹ kó dun èèyàn, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì: ọjà ọgọ́rùn-ún dọ́là, 105 ni wọ́n ń san ní Calgary, 113 ní Toronto, ó ku díẹ̀ kó pé 115 ní Montreal, torí Alberta nìkan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ni kò fi owó orí ọjà tirẹ̀ lé ti Ottawa rárá. Ní 2021, wọ́n dìbò ní Alberta pé kí wọ́n yọ owó ìdọ́gba kúrò nínú ìwé òfin, nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé òfin ò yí lẹ́tà kan padà, nítorí ìpínlẹ̀ kan ò lè dá a yí.

Quebec ńkọ́? Èdè Yorùbá gan-an ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. A ń pe ìlú tó dá dúró ní orílẹ̀-èdè, èdè sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí àwọn ará Quebec ń sọ gan-an nìyẹn: èdè wa yàtọ̀, ìran kan la jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 2006, ilé aṣòfin fi ìbò 265 sí 16 gbà pé ìran kan ni wọ́n nínú Kánádà tó wà ní ìṣọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dìbò bóyá kí wọ́n yapa. Ní 1980, nǹkan bí ìdá 60 ló kọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1995, 50.58 kọ̀, 49.42 gbà. Ìbò 54,288 ló wà láàárín wọn, nígbà tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ dìbò.

Àwọn tó ń fi èyí gbe ọ̀rọ̀ Orílẹ̀-èdè Oòduà lẹ́sẹ̀ máa ń gbàgbé ohun tó tẹ̀ lé e. Ìbéèrè 1995 lọ́jú pọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ìdádúró, ó tún ń sọ̀rọ̀ àjọṣe ọrọ̀ ajé pẹ̀lú Kánádà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù wá sọ ní 1998 pé Quebec ò lè dá ara rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè tó yéni, dandan ni kí wọ́n jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Òfin 2000 tẹ̀ lé ìyẹn, kò sì sọ iye ìbò tí wọ́n ń pè ní ọ̀pọ̀. Tiwa nílé, ìwé òfin ti ní Nàìjíríà ò ṣe é pín. Ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ ò sí níbí, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tó ń kó lọ sí Montreal ní Quebec, òfin èdè àti ti ẹ̀sìn ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Ọmọ ẹni tó bá ti gba ìwé ìgbélùú, iléèwé ìjọba tó ń fi Faransé kọ́ni ló ń lọ, àfi tí òbí rẹ̀ kan bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà, tó sì ti ka èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú Kánádà fúnra rẹ̀. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òkè-Àró ò kà sí i. Lábẹ́ òfin 2019, olùkọ́ tuntun níléèwé ìjọba, ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba ò lè wọ àmì ẹ̀sìn lẹ́nu iṣẹ́. Àlhájà tó ń lo híjáàbù, tó sì fẹ́ ṣe tíṣà, Ontario ló máa rọrùn fún un.

Ó ku àwọn onílẹ̀ gan-an, First Nations, Inuit àti Métis. A kì í sábà dárúkọ wọn nínú ìjiyàn wa, ó sì yani lẹ́nu, torí kò sẹ́ni tó tó ará Àkúrẹ́ mọ ìyàtọ̀ onílẹ̀ àti ẹni tó rà á. Ọdún 1960 ni First Nations tó lè dìbò ìjọba àpapọ̀ láìjọ̀wọ́ ipò wọn, títí di lẹ́yìn ọdún 1990 sì ni iléèwé ibùgbé tí wọ́n fi já ọmọ wọn gbà lọ́wọ́ òbí ṣì ń ṣiṣẹ́. Mary Simon, tó jẹ́ Gómìnà Jẹ́nẹ́rà ní 2025, Inuit ni.

Ta wá ni ará Kánádà? Fún ìgbà pípẹ́, èsì tó wọ́pọ̀ jù ni pé "a kì í ṣe Amẹ́ríkà." Nígbà tí Trump ń sọ pé kí wọ́n di ìpínlẹ̀ 51, èsì yẹn gbóná. Ní oṣù Kẹta 2025, Ontario kó ọtí Amẹ́ríkà kúrò lórí pẹpẹ, ìyàwó ilé tó ń ra tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tó ti wá, ẹgbẹ́ Liberal tó ti ń kú lọ sì dìde. Torí rẹ̀ náà ni Ọba Charles fi fúnra rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ìjọba ní Ottawa ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún: kí Washington rí i pé ilé yìí ní baálé.

Ẹ padà sí ìbéèrè tó wà níwájú onígbàjámọ̀, ta ló yan Carney? Ẹni tó ní PR, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ò gbọ́dọ̀ dìbò ìjọba àpapọ̀. Ó di ìgbà tó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 1,095 láàárín ọdún márùn-ún, tó yege ìdánwò ìbéèrè 20 pẹ̀lú ó kéré tán 15, tó sì búra fún Ọba. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Liberal gba ẹni tó ní PR láyè nígbà tí wọ́n ń yan olórí, láti ọmọ ọdún 14 sókè. Ọmọ Àkúrẹ́ tó wà ní Brampton pẹ̀lú PR, tó forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, lè bá wọn yan olóòtú ìjọba ní oṣù Kẹta, òun àti ọmọ rẹ̀ tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, tí gbogbo ìlú ń to ìlà, ilé ni àwọn méjèèjì jókòó sí.