Ọwọ́ òsì Àkànní

Gàrí ló wà lórí iná lánàá nígbà tí tíṣà pè mí: “Ìyá Àkànní, ẹ má fòyà o.” Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní fòyà? Aṣọ iṣẹ́ ni mo fi gun ọ̀kadà já Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó já bọ́ lórí jangilọ́fà, ó fọwọ́ gúnlẹ̀. Kò sunkún o, àfìgbà tó rí mi. Ìyá ọkọ mi ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká ya X-ray ná.” Eegun ti sán. Wọ́n fi P.O.P. dì í.

Lálẹ́, mo se ìkọ́kọrẹ́. Èmi ò lè jẹ. Òun lá abọ́ tán, ó ní: “Mọ́mì, ṣé jangilọ́fà ṣì wà níbẹ̀?”