Kátíríìjì tí ilé iṣẹ́ kankan ò ṣe tà

Àwọn tó mọ̀ mí n'Íléṣà mọ̀ pé iṣẹ́ tọ́nà ni mò ń ṣe, crankshaft àti búṣì ni wọ́n sábà máa ń gbé wá sídìí léètì mi, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí n lè gé e, nítorí náà ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ sọ. Bọ̀ọ̀dá mi kan tó wà ní Texas ló kó mi sí i. Wọ́n ń to ráífù àti kátíríìjì ẹ̀ (kòròfo idẹ tó kó ọta àti ètù pọ̀) fúnra wọn, òfin ibẹ̀ gbà wọ́n láyè, wọ́n á wá máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru, "Àbúrò, bá mi wo ibí yìí." Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí gbé ọ̀pá irin wá sí ṣọ́ọ̀bù mi o, Nàìjíríà la wà, òfin ìbọn ti wà nílẹ̀ láti 1959, ẹni tí ò níwèé àṣẹ ò gbọdọ̀ rọ ìbọn. Mi ò ṣe, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí.

Wildcat ni wọ́n ń pe irú kátíríìjì tí wọ́n ń ṣe yẹn, ìyẹn ni pé kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é tà. Èèyàn á mú kòròfo idẹ kátíríìjì tó ti wà nílẹ̀, á fún ọrùn ẹ̀ kó lè gba ọta tó tín-ín-rín, tàbí kó fẹ ọrùn náà sí i, tàbí kó gbé èjìká ẹ̀ (ibi tí ara ẹ̀ ti ń fún wọ ọrùn) síwájú kí ètù tó pọ̀ díẹ̀ lè wọ inú ẹ̀. .30-06 (.30 ni bí ihò ìbọn ṣe fẹ̀ tó ní ínǹṣì) tí sójà Amẹ́ríkà gbà ní 1906 ni bàbá ńlá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n fún ọrùn ẹ̀ ó di .25-06, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn nìkan ló sì ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Remington tó gbà á wọlé ní 1969. .22-250, tí kò tara .30-06 wá, náà bẹ́ẹ̀ ni, ìta ló ti dàgbà kó tó di ọmọ ilé ní 1965.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá sì ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, ṣé ó ti gbàgbé Kírìjí ni? Ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìbàdàn, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó ló ń wá ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé fún Ògèdèǹgbé àtàwọn ọmọ ogun ẹ̀, ìbọn tí wọ́n ń ki látìdí, tí ọta ẹ̀ ń lọ jìnnà tó sì ń bá ojú ibi tí wọ́n fẹ́. Kátíríìjì Snider yẹn gan-an, .577, làwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ọrùn ẹ̀ wá sí .450 fún ráífù Martini-Henry tí wọ́n gbà ní 1871. Ẹ ò rí i pé fífún ọrùn kòròfo ti pẹ́.

Ti bọ̀ọ̀dá mi, 6.5-06 Ackley Improved ni. P. O. Ackley, alágbẹ̀dẹ ìbọn ará Amẹ́ríkà, òun ló gbajúmọ̀ fún kó máa mú kòròfo tó rí ṣóńṣó díẹ̀, kó jẹ́ kí ara ẹ̀ tọ́, kó sì gbé èjìká ẹ̀ sí dígírì 40. Kòròfo .25-06 ni wọ́n rà, wọ́n ti irin onímú ṣóńṣó wọ ọrùn ẹ̀ títí tó fi gba ọta 6.5 mìlímítà. Àmọ́ kò tíì dáa tán o, ara ẹ̀ ṣì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú ìbọn gan-an ló ti máa parí, wọ́n á yìn ín, iná àti ìfúnpá á wú idẹ náà títí á fi mú ìrísí ihò tó jókòó sí. Ibi tó dùn mọ́ èmi tọ́nà jù nìyẹn, torí kó tó lè ṣe é láìbàjẹ́, wọ́n máa ń jẹ́ kí ihò náà kúrú ní nǹkan bíi táò 4 (ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì) sí ti kátíríìjì ìyá ẹ̀, kó lè di kòròfo mú níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká. Táò 4! Bébà tí ẹ fi ń tẹ̀wé nípọn tó bẹ́ẹ̀. Tó bá tú, idẹ á nà nítòsí ìdí, tó bá yá á já níbẹ̀.

Wọ́n tún ń fi iná yan ọrùn idẹ kó má baà sán, torí idẹ tí èèyàn bá ń tẹ̀ tó ń nà máa ń le sí i. Mo sọ èyí fún alágbẹ̀dẹ kan ládùúgbò, ó ní ṣé wọ́n á rì í bọ omi kó lè le ni? Rárá o, irin nìyẹn. Idẹ tí iná bá ti rọ̀, ẹ rì í bọ omi, ẹ má rì í, rírọ̀ náà ló máa rọ̀.

Wàyí o, ètù. Kátíríìjì tó wà lọ́jà ní ìwé tó sọ iye ètù tó lè gbà, wildcat sábà máa ń jẹ́ ẹ wá a fúnra yín. Ìsàlẹ̀ pátápátá lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa fi díẹ̀díẹ̀ gòkè, gíréènì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 7000 ló wà nínú páùn kan. Wọ́n á máa wo práímà (ohun kékeré ìdí kòròfo tó ń ta iná sí ètù) bóyá ó ti pẹlẹbẹ jù, bóyá ìdí ìbọn ti ń le láti ṣí, bóyá àmì kan ń dán nídìí idẹ. Tí àwọn àmì yẹn bá sì ti yọ, èèyàn ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró nìyẹn.

Ibẹ̀ lèmi àti bọ̀ọ̀dá ti ń jà. Wọ́n fẹ́ kó yára. Mo ní bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, tí àyè inú kòròfo bá fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i, eré ọta ò lè fi ju bí ìdá 1 lọ, gbogbo àwọn tó ń ṣe nǹkan yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wàhálà rímà (irin tó ń gbẹ́ ihò tí kátíríìjì ń jókòó sí) àti dáì (irin tí wọ́n fi ń mọ kòròfo) àkànṣe, nítorí ìdá 1 sí 2! Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí wọ́n wá ni ìwọ̀n ètù tó jẹ́ pé tó bá dín díẹ̀ tàbí tó lé díẹ̀, ojú kan náà ni ọta á ṣì máa bà lórí bébà. Wọ́n gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta fi hàn pé èyí tó yára jù yẹn ló ń ṣe ségesège jù.

Bàbá ọdẹ kan tó ń gbọ́ gbogbo ẹjọ́ wa ní kí n bá òun gba ètù òyìnbó yẹn díẹ̀ fún ṣakabùlà òun. Mo ní ẹ dákun, Bàbá, ẹ má dán an wò láé. Ètù dúdú tiyín yàtọ̀, èyí tí ò léèéfín yìí lágbára ju ohun tí ọ̀pá ṣakabùlà lè gbà, ọwọ́ àti ojú yín ló máa bá a lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò kúkú ki í ní ìkikúki, ètù kì í ṣe gàrí tí wọ́n ń bù mu. Mo ṣì tún kìlọ̀ fún ọmọ wọn.

Bọ̀ọ̀dá ti tún ń sọ̀rọ̀ òmíràn báyìí, wọ́n ní 6mm ló kàn, látara kòròfo .30-06 kan náà. Ètù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó ń gba ihò tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń tètè jẹ ọ̀fun ìbọn, wọ́n sì mọ̀. Mo ti ní kí wọ́n fi drawing rímà yẹn ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó sanwó, wọn ò tíì fi ránṣẹ́.