Igi ọsàn kúkurú ní Kétu: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ilikimu ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kọjá lẹ́bàá oko mi máa ń rò pé ọsàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ló ń rí. Igi tó ti ń so ni o. Bí wọ́n ṣe máa ga mọ nìyẹn: tí mo bá na ọwọ́ sókè dáadáa, ó kù díẹ̀ kí n kan orí wọn.

Ilẹ̀ ló gbé mi débẹ̀. Àwa ọmọ méje la pín oko bàbá wa, ìpín tèmi kò sì pé hẹ́kítà kan. Mítà méje sí méje ni àwọn àgbà wa ń gbin ọsàn, igi 204 péré ni hẹ́kítà kan ń gbà. Lẹ́mọ́ọ̀nù tí èèpo rẹ̀ rí págunpàgun ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìdí, ìyẹn igi ìsàlẹ̀ tó ní gbòǹgbò, tí wọ́n ń lẹ ojú (ibi tí ẹ̀ka ti ń rú) ọsàn dídùn mọ́. Igi náà ń lágbára, ó ń ga, àwọn ọmọkùnrin á wá máa gùn ún láti ká a.

Ẹ má ṣe rò pé a kàn lè fún irú igi ńlá bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ewé á bo ara wọn, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ á gbẹ, orí nìkan ni á máa so. Ọ̀rinrin á há sáàárín, àìsàn tó ń dá àmì sára ewé àti èso á sì ráyè.

Ìdí igi tí mo lò ni wọ́n ń pè ní Flying Dragon, ìran Poncirus, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó bá ọsàn tan, tó wá láti ìhà Ṣáínà. Òun ló ń dá ọsàn orí rẹ̀ dúró ní kúkurú. Ní mítà mẹ́rin láàárín ìlà àti méjì láàárín igi, 1,250 ni hẹ́kítà kan ń gbà. Igi kọ̀ọ̀kan kì í so tó igi ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, ilẹ̀ kì í sì í ṣòfò ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ní São Paulo ní Brazil, wọ́n ń lẹ ọsàn wẹ́wẹ́ Tahiti mọ́ ọn báyìí.

Láti kóró la ti ń hù ú, ó sì ń lọ́ra. Èyí tí igi rẹ̀ bá wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ẹ̀gún rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìwọ̀, òun ni ojúlówó. Èyí tó bá dúró gbọnrangandan, mo ń fà á tu. Lẹ́yìn tí ojú bá ti mú, ìdí á sanra ju ọsàn orí rẹ̀ lọ, á yọ bí èjìká níbi tí wọ́n ti pàdé. Kò léwu. Tí ọmọ igi bá yọ nísàlẹ̀ èjìká náà, ẹ wo ewé rẹ̀: mẹ́ta-mẹ́ta ló ń wà lórí ọ̀pá kan. Ẹ gé e kíá.

Ìyá kan tó ń wá ra ọsàn lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dúró sílẹ̀ ló ń ká a fúnra rẹ̀. "Ọmọ mi," ó ní, "ọsàn tó bá já lulẹ̀ kì í bá mi dé ọjà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: Poncirus kò fara da ọ̀dá. Láti Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kẹta, òjò Kétu á wọ́n, ọyẹ́ á sì fẹ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa jìn. Láìsí táǹkì àti rọ́bà tí ń kán omi sí ìdí igi, láìsí koríko gbígbẹ àti pòròpórò àgbàdo tí a fi bo ìdí, owó yín á gbẹ mọ́ igi. Ó ń dùn mí tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ọ̀gbìn, tí kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún omi. Ẹni tí oko rẹ̀ wà nítòsí Onigbolo, níbi tí òkúta sìmẹ́ńtì wà, kó yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ilẹ̀ ẹfun ń sọ ewé igi yìí di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ìpín ẹ̀gbọ́n mi wà lókè, omi mi kò lè dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n bá àwọn náà wá irú igi mi, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é. Lẹ́mọ́ọ̀nù págunpàgun la fi ṣe ìdí tiwọn, mítà méje sí méje, ẹ̀wà ló sì wà láàárín rẹ̀ báyìí.