Plugin owó dẹ̀lífárì: ẹ̀yà 0.9, àti owó tó kọ̀ tí kò yí padà

Plugin yìí, tó ń ṣírò owó dẹ̀lífárì àdúgbò kọ̀ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù WooCommerce (ètò títà ọjà lórí WordPress), ti ń ṣiṣẹ́ wàyí. Oníbàárà yan Bódìjà, owó jẹ́ ₦1,500. Ó yí i sí Àpáta, owó di ₦2,500 lójú ẹsẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tó rọrùn ti parí: tábìlì àdúgbò wà nínú database, ètò rẹ̀ wà lábẹ́ Shipping zones, ìkéde HPOS (tábìlì tuntun tí WooCommerce ń tọ́jú order sí) ti wọlé (`custom_order_tables`, lórí `before_woocommerce_init`), `$order->update_meta_data()` ló sì ń tọ́jú àdúgbò sára order. A ò lo `update_post_meta` níbì kankan mọ́.

Ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ gbẹ̀mí wa. Oníbàárà á yan àdúgbò, AJAX (ìbéèrè tí browser ń fi ránṣẹ́ sí server láìtún ojú-ìwé ṣí) á lọ, á bọ̀, owó á sì dúró síbi tó wà. Kò sí error kankan nínú `debug.log`. Nígbà tí a fi `error_log()` sínú `calculate_shipping()`, function tó ń ṣírò owó, ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ló kọ nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn WooCommerce ò tilẹ̀ pè é. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ìṣirò wa ò ní àléébù, kò sẹ́ni tó ní kó ṣírò ni.

WooCommerce kì í ṣírò owó ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tó wà nínú package (ẹrù kan tó fẹ́ lọ), ìyẹn ọjà àti iye rẹ̀, orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀, ìlú, postcode, ni ó máa ń fi md5 sọ di hash kan, àmì kúkúrú tó dúró fún gbogbo wọn. Hash yẹn àti owó tó bá a rìn á wọ inú session (ibi tí a ń tọ́jú dátà oníbàárà kan sí fún ìgbà díẹ̀) lábẹ́ `shipping_for_package_0`. Bí hash tuntun bá ti bá ti àtijọ́ mu, owó àtijọ́ náà ló máa gbé jáde. Àdúgbò wa ò sí nínú package, nítorí náà Bódìjà àti Àpáta ò yàtọ̀ síra lójú rẹ̀: Ìbàdàn ni méjèèjì, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni méjèèjì, postcode sì ṣófo, torí ta ló ń kọ postcode ní Nàìjíríà?

Ẹ ṣọ́ra fún debug mode tó wà nínú ètò Shipping. Bó bá wà ní títàn, WooCommerce á fo cache yìí, ìyẹn owó tó ti tọ́jú, gbogbo nǹkan á sì máa lọ geere lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ plugin, títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ẹ pa á kí ẹ tó dán ohunkóhun wò. Àwọn kan máa ń nu session nù ní gbogbo ìgbà tí AJAX bá lọ. Òótọ́ ni pé owó á yí, àmọ́ shipping method yòókù nínú ṣọ́ọ̀bù á pàdánù cache tiwọn pẹ̀lú. Èyí tó bá ń lọ béèrè iye owó lọ́wọ́ server ilé-iṣẹ́ akẹ́rù á wá máa lọ síbẹ̀ nígbà gbogbo, ojú-ìwé ìsanwó á sì máa wọ́ bí ìgbín.

Àtúnṣe tó yẹ ò gùn. Field àdúgbò gba class `update_totals_on_change`, kí yíyàn rẹ̀ lè pe AJAX. Lórí `woocommerce_checkout_update_order_review`, a gba dátà tí oníbàárà fi ránṣẹ́. String ni, kì í ṣe array, nítorí náà `parse_str()` ló ń tú u. A gba ID àdúgbò kọjá nínú `absint()`, a fi í sí session. Ó wá ku filter `woocommerce_cart_shipping_packages`, níbi tí a ti lè fi ID náà kún package:

```
foreach ( $packages as $i => $p ) {
    $packages[ $i ]['destination']['adugbo'] = $id;
}
```

Hash yí padà, owó yí padà. Ẹ má kọ `$packages[0]` nìkan o. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń pín ẹrù oníbàárà kan sí méjì tàbí mẹ́ta.

ID la lò, a ò lo orúkọ, nítorí àmì ohùn. Ọ́ tó wà nínú Mọ́kọ́lá lè jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì òkè, ó lè jẹ́ o pẹ̀lú àmì méjì tó dá dúró. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n `===` inú PHP ń ka byte, ó á ní wọn ò bára mu. `Normalizer` lè yanjú rẹ̀, àmọ́ extension intl ló nílò, kì í sì í ṣe gbogbo hosting ló ní in.

CSV, fáìlì tí ọlọ́jà ń kọ iye owó sí, náà ní ìwà tiẹ̀. 2,500 tí ọlọ́jà kọ pẹ̀lú kọ́mà, bí a bá fi `(float)` mú un, ₦2 ló máa dà. Ẹ yọ kọ́mà kúrò ná. Bí Excel bá sì tọ́jú fáìlì sí CSV UTF-8, ó máa ń fi BOM, byte mẹ́ta tí ojú ò rí, ṣáájú, orúkọ òpó àkọ́kọ́ ò sì ní bára mu àfi bí ẹ bá gé byte mẹ́ta yẹn dànù.

Ètò tẹ́lẹ̀ ni pé Checkout block, ojú-ìwé ìsanwó tuntun WooCommerce, á dúró de ẹ̀yà 1.1. A ti yí i padà: láti WooCommerce 8.3 ní 2023 ni ṣọ́ọ̀bù tuntun ti ń bá block wá, hook AJAX òkè yẹn ò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Filter package ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí ID á gbà dé session ló kù: `extensionCartUpdate` lápá JavaScript, `woocommerce_store_api_register_update_callback` lápá PHP. A ó wọ inú 1.0 pẹ̀lú rẹ̀.

Ti títà náà yí díẹ̀. WordPress.org ò gba plugin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ apá kan dìgbà tí èèyàn bá sanwó. Nítorí náà ti ọ̀fẹ́ á dá dúró, á ṣe iye owó kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò lórí ìwọ̀n ẹrù àti CSV á di plugin kejì, ₦25,000 lọ́dún. Ìwé àṣẹ GPL ni méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó rà á lè fún ẹlòmíràn; update àti ìrànlọ́wọ́ la ń tà. Paystack ń ka kobo, nítorí náà 2500000 la ń fi ránṣẹ́. Header `Update URI` (láti WordPress 5.8) ló ń darí update sọ́dọ̀ wa, kí orúkọ fódà inú zip má sì yí láé: bó bá fi lè di `adugbo-pro-1.0`, WordPress á gbé plugin sí fódà mìíràn, á sì pa á.

Ohun tó ṣì ń yọ wá lẹ́nu: oníbàárà yan Àpáta, ó wá yí ìpínlẹ̀ sí Èkó. ID Àpáta ṣì wà nínú session, ₦2,500 sì ni owó tó ń jáde. Kí `calculate_shipping()` tó ka ID, ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìpínlẹ̀ tó wà nínú package ló ni ín.